Ṣímínì igi, ófùn gáàsì: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ilé búrẹ́dì kan l'Ábẹ́òkúta

Ohun tí wọ́n pè mí fún

Ilé búrẹ́dì náà wà ní apá ibi tí Ìtòkú ti ń gòkè lọ sí Olúmọ, láàrin àwọn ilé alámọ̀ àtijọ́ tí páànù wọn ti pọ́n. Àpáta ńlá kan dúró tì í lẹ́yìn. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi igi yan búrẹ́dì níbẹ̀, nínú ààrò amọ̀ kan tó fẹ̀ tó yàrá, tí ṣímínì bíríkì sì ti orí rẹ̀ yọ jáde lókè páànù. Ìyá tó ni ibẹ̀ ra ófùn gáàsì tòkunbọ̀ onípele méjì, wọ́n sì ti gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò àtijọ́ kí wọ́n tó pè mí. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ kò ju kí n lu ògiri ṣímínì, kí n ki páìpù ẹ̀yìn ófùn bọ̀ ọ́, kí bíríkìlà fi símẹ́ǹtì dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ wẹ́dà, iṣẹ́ bíríkìlà tàbí iṣẹ́ gáàsì ni mo ń kọ èyí fún, àti ẹ̀yin tí ẹ ni ilé búrẹ́dì tàbí ilé oúnjẹ. Mo ti rí irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ níbi púpọ̀. Igi di ọ̀wọ́n, àwọn aládùúgbò ń ráhùn èéfín, onílé búrẹ́dì ra ófùn gáàsì, ṣímínì tó bá ti wà nílẹ̀ ni wọ́n sì máa ń kì í bọ̀. Ó lè pa èèyàn.

Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ló ń sọ pé gáàsì kò ní èéfín. Ó ní. Nídìí igi, bí a ṣe ń sunkún la ń ríran: bí ṣímínì bá dí, ojú á ta, ikọ́ á sì lé gbogbo ilé jáde. Omi tó ti di ooru ló pọ̀ nínú èéfín gáàsì, pẹ̀lú kábọ̀n-dáyọ́sáìdì, àti kábọ̀n-mọnọ́sáìdì nígbà tí iná kò bá rí afẹ́fẹ́ tó. Kábọ̀n-mọnọ́sáìdì yìí kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta ojú. Ó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju bí ọ́síjìn ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Òun náà ló wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ń pa odidi ìdílé mọ́jú nílẹ̀ wa. Òórùn tí à ń gbọ́ lára gáàsì inú sílíńdà, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sí i ni, kí a lè tètè mọ̀ bó bá ń jò. Bí gáàsì bá ti jóná, òórùn yẹn ti bá a jó lọ.

Àwọn ọmọ tó ń yan búrẹ́dì ń sùn síbẹ̀. Òru ni wọ́n ń po ìyẹ̀fun, ìdájí ni wọ́n ń tanná, bí ìyẹ̀fun bá sì ń wú lọ́wọ́, wọ́n á na ẹ̀yìn lé àpò ìyẹ̀fun ní yàrá kejì tó fara ti ṣímínì. Nígbà tí mo rí ibi tí wọ́n ń sùn ni mo sọ fún Ìyá pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò ní lu ihò kankan o, àfi tí mo bá rí inú ṣímínì yìí láti òkè dé ìsàlẹ̀."

Inú ṣímínì

A kó àkàsọ̀ gun páànù. Ọmọ iṣẹ́ mi so fóònù mọ́ okùn, ó tan tọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká fídíò, ó sì ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí èmi ń fi okùn kejì fà á kó má máa yí. Ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ṣímínì àtijọ́ èyíkéyìí. Kò náni lówó, ó sì ń fi ohun tí ojú kò lè rí láti òkè hàn.

Ìtẹ́ ẹyẹ wà lẹ́nu rẹ̀. Lábẹ́ ìyẹn, èéfín igi ọdún gbọọrọ ti gan mọ́ ara ògiri yíká, ó dúdú, ó ń dán, ó le. Bíríkì sísun ni wọ́n fi kọ́ apá òkè, símẹ́ǹtì sì ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n láti ibi èjìká èèyàn dé ìsàlẹ̀, amọ̀ ni. Ní ibi tí amọ̀ àti bíríkì ti pàdé, ògiri ti sán. Mo wọ yàrá kejì lọ, mo ní kí wọ́n bá mi gbé àpò ìyẹ̀fun kúrò lára ògiri, mo sì rí òdìkejì ibi tó sán náà: ìlà dúdú tó fẹ̀ tó ìka, lókè ibi tí àwọn ọmọ ń gbé orí lé. Èéfín igi ti ń gba ibẹ̀ wọ yàrá tipẹ́. Torí pé igi ni, wọ́n ń rí i, wọ́n á ṣílẹ̀kùn. Èéfín gáàsì ì bá gba ibẹ̀ wọlé, ẹnikẹ́ni kò ní rí i.

Tépù fi hàn pé inú ṣímínì fẹ̀ ní 45 cm lọ́tùn-ún lósì, ó sì tún jẹ́ 45 cm níwájú lẹ́yìn. Láti ibi tí páìpù ófùn máa wọ̀ dé ẹnu òkè jẹ́ mítà 4.5. Àpáta ẹ̀yìn ilé fi 90 cm ga ju ẹnu ṣímínì lọ, àárín wọn kò sì tó mítà 3. Mo kọ èyí sílẹ̀, torí afẹ́fẹ́ tó bá ń gba orí àpáta kọjá lè já lulẹ̀ sẹ́nu ṣímínì.

Bàbá bíríkìlà tí Ìyá pè wò mí títí, wọ́n ní, "Ṣímínì tó ti ń fa èéfín kí wọ́n tó bí ẹ, kí ló ṣe é?" Òótọ́ ni wọ́n sọ, fún igi. Iná igi ńlá ń rán èéfín tó gbóná gan-an sókè, ó sì pọ̀ débi pé ihò gbàràmù bẹ́ẹ̀ ló lè gbà á. Ófùn gáàsì ti fi ooru rẹ̀ yan búrẹ́dì kó tó jẹ́ kí èéfín jáde. Ohun tó ń dé ṣímínì kéré, kò sì gbóná púpọ̀ mọ́. Mo fi yé Bàbá pé bíríkì wọn kò ní ẹ̀bi, iṣẹ́ tí a fẹ́ gbé fún un ló yí padà. A jókòó, mo mú bírò.

Ìṣirò

Àwo irin tó wà lẹ́yìn ófùn kọ 40 kW, ìyẹn ìwọ̀n ooru tó ń mú jáde. Kílò gáàsì kan ní ooru tó tó nǹkan bí 12.8 kWh nínú, nítorí náà bí gbogbo bọ́nà bá ń jó, ófùn yìí á máa jẹ nǹkan bí kílò 3.1 ní wákàtí kan. Kílò gáàsì kan tó bá jóná ń di omi bíi kílò 1.6, torí háídírójìn inú rẹ̀ ń so pọ̀ mọ́ ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́. Ìyẹn ni pé omi bíi lítà 5 ló ń gba ṣímínì kọjá ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ìyá kò gbà á gbọ́. Mo ní kí wọ́n wo sílíńdà kílò 12.5 tí wọ́n fi ń se oúnjẹ nílé: bó bá jó tán, lítà omi 20 ló ti bá a jáde, ó tó kún kẹ́ẹ̀gì.

Bí èéfín náà bá gbóná títí ó fi jáde, omi yẹn á bá a lọ. Bó bá tutù dé nǹkan bí 50°C nínú ṣímínì, á di omi padà lára ògiri. Omi ọ̀hún kì í ṣe omi òjò. Ó ní ásíìdì díẹ̀, ó ń jẹ símẹ́ǹtì àárín bíríkì, ó ń rin èéfín igi àtijọ́ tó ti gan, á sì gbé e wọ inú ògiri. Níbi tí ìsàlẹ̀ ṣímínì ti jẹ́ amọ̀, mi ò nílò láti ṣàlàyé ohun tí omi ń ṣe fún amọ̀ fún ọmọ Abẹ́òkúta kankan.

Ẹnu ófùn jẹ́ 15 cm, èyí tó jẹ́ 177 cm² bí a bá ṣírò fífẹ̀ rẹ̀. Inú ṣímínì jẹ́ 2,025 cm². Ó fi ìlọ́po tó lé ní 11 tóbi ju ẹnu ófùn lọ. Ìwé ìlànà gáàsì Amẹ́ríkà, NFPA 54, sọ pé kò gbọ́dọ̀ ju ìlọ́po 7 lọ. Nínú páìpù 15 cm, ìṣirò mi ni pé èéfín ófùn yìí á máa sáré nǹkan bí mítà 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú ihò 45 cm yẹn, kò ní tó 20 cm. Á rọra máa fà nílẹ̀ bí omi òpópónà tó ṣàn wọ àbàtà, ògiri tútù á sì máa gba ooru lára rẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà.

Tí èéfín bá ti tutù, agbára tó ń fà á sókè ti lọ. Gíga ṣímínì àti ìyàtọ̀ ìgbóná inú sí ti ìta ló ń bí agbára yẹn. Mo ṣírò rẹ̀ fún mítà 6, gíga tí páìpù máa ní tó bá yọ kọjá àpáta: bí ìta bá wà ní 32°C, tí inú sì wà ní 150°C, ṣímínì á fa nǹkan bí 19 Pa (Pa ni wọ́n fi ń wọn agbára ìfà yìí). Bí inú bá tutù wá sí 60°C, kò ní tó 6 Pa mọ́. Ní ìlú òtútù tí ìta bá wà ní 0°C, inú 60°C kan náà á fa nǹkan bí 14 Pa. Ibi tí àwa ará ilẹ̀ gbígbóná ti gbọ́dọ̀ fiyè sí i nìyẹn. Àwọn tó kọ ìwé lórí ṣímínì gáàsì ń gbé níbi tí òtútù ìta ti ń bá wọn fa èéfín. Ọ̀sán Abẹ́òkúta kò bá wa fa nǹkan kan, pàápàá nínú oṣù kejì àti oṣù kẹta. Bí a bá jẹ́ kí èéfín tutù díẹ̀ báyìí, ó lè dúró, tàbí kó padà sẹ́yìn sínú yàrá.

Nítorí náà, páìpù 15 cm kan gbọ́dọ̀ gba inú ṣímínì láti ẹ̀yìn ófùn dé ìta, kó má fi èéfín lé bíríkì lọ́wọ́ rárá. Bíríkì á máa ṣe ògiri ààbò fún páìpù nìkan.

Igi àti gáàsì nínú ihò kan

Ibí la ti jiyàn jù. Ìyá fẹ́ fi ààrò igi sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. "Ọmọ mi, bí gáàsì bá wọ́n ńkọ́? Bí wọ́n bá ní kò sí gáàsì níbi tí wọ́n ti ń tà á ńkọ́?" Ìbéèrè tó tọ́ ni, ẹni tó ní àwọn òṣìṣẹ́ láti bọ́ kò lè ṣe kó má bi í. Èrò wọn ni pé kí páìpù gáàsì àti ààrò igi jọ máa lo ṣímínì kan náà, ọ̀kan lónìí, èkejì lọ́la.

Mo sọ fún wọn pé mi ò lè ṣe é. Pàǹtírí tó ń jábọ́ lára èéfín igi lè dí ẹnu ibi tí gáàsì ń gbà. Tí wọ́n bá sì dáná igi lọ́jọ́ tí ófùn gáàsì náà ń ṣiṣẹ́, èéfín igi á wá ọ̀nà gba inú ófùn wọ yàrá. Èéfín igi tó gan mọ́ ògiri náà tún máa ń gbiná; bó bá gbiná pẹ̀lú páìpù gáàsì láàrin rẹ̀, kò sí irú sítéǹlẹ́ẹ̀sì tó fẹ́lẹ́ tó lè yè é. Ìlànà NFPA kò gba ohun èlò gáàsì láyè nínú ihò tí iná igi ń lò.

Ìyá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n bi Bàbá bíríkìlà bóyá wọ́n lè kọ́ ṣímínì mìíràn fún ààrò igi lọ́jọ́ iwájú. Bàbá ní àyè wà ní òdìkejì. Wọ́n wá gbà pé kí a dí ẹnu ààrò àtijọ́ pa. Búlọ́ọ̀kù àti símẹ́ǹtì ni Bàbá fi dí i, wọ́n rẹ́ ẹ lójú méjèèjì. Mo yìn wọ́n fún ìpinnu náà, torí kò rọrùn fún ẹni tó bá ààrò yẹn lọ́wọ́ ìyá tó bí i.

Fífọ̀ àti dídí

A fi búrọ́ọ̀ṣì onírin àti ọ̀pá gígùn ha inú ṣímínì láti òkè. A fi ọ̀rá bo ẹnu ìsàlẹ̀, a sì bo imú wa. Apá tó ń dán kò gbà láti ṣí tán. Mo fi sílẹ̀, nígbà tí èéfín gáàsì kò ní kàn án. Bàbá bíríkìlà gbẹ́ ibi tó sán jinlẹ̀, wọ́n fi bíríkì sísun rọ́pò amọ̀ tó ti rọ̀, wọ́n sì rẹ́ ẹ láti inú yàrá kejì. Wọ́n ṣe é dáadáa, mo fi tọ́ọ̀ṣì sínú ṣímínì lóru, a kò rí ìmọ́lẹ̀ kankan ní yàrá ọ̀hún.

Páìpù

Páìpù gáfánáìsì ni wọ́n kọ́kọ́ fi hàn mí lọ́jà, ó sì pọ́ọ́kú. Mi ò rà á fún inú ṣímínì. Omi ásíìdì yẹn á jẹ síǹkì tó wà lára rẹ̀, ìpata á sì lu ú níbi tí ojú kò ti lè dé, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀ títí èéfín á fi gba ibẹ̀ jáde.

Sítéǹlẹ́ẹ̀sì ni mo rà, irú èyí tí wọ́n ń pè ní 304. 316 ló dára jù bó bá wà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fẹ́ràn láti fi òòfà dán sítéǹlẹ́ẹ̀sì wò, ó sì wúlò dé àyè kan: bí òòfà bá fà á gan-an, irú 430 ni, kì í ṣe 304. Ṣùgbọ́n irú 201 tó kún ọjà, tí kò lágbára tó 304 níwájú ìpata, òòfà kì í sábà fà á pẹ̀lú. Nítorí náà, mo wá èyí tí nọ́ńbà ilé iṣẹ́ ṣì wà lára ọ̀rá tí wọ́n fi bò ó, mo sì jẹ́ kí ẹni tó tà á kọ ọ́ sínú rìsíìtì.

Mo ká páànù náà, mo fi iná áágọ̀n jó ojú ìpàdé rẹ̀ láti òkè délẹ̀, kò sí ríbẹ́ẹ̀tì lójú gígùn. Níbi tí páìpù kan ti wọ inú èkejì, ẹnu tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo kọ sísàlẹ̀. Bí omi bá dà lára rẹ̀ nígbà tí ófùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná, inú páìpù ló máa ṣàn sí dé ìsàlẹ̀, kò ní yọ síta. Skúrù mẹ́ta ló mú ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, mo fi tíì, ìyẹn páìpù onẹ́nu mẹ́ta, sí i: ẹ̀gbẹ́ kan gba páìpù ófùn, ẹnu ìsàlẹ̀ ní ìdérí tó ṣeé ṣí, pẹ̀lú ihò kékeré tí omi máa gbà bọ́ sínú ike. Ibẹ̀ náà ni èèyàn á máa gbà wo inú páìpù.

Páìpù tó wá láti ẹ̀yìn ófùn dé tíì náà kò ju mítà kan ààbọ̀ lọ. Mo gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, 2 cm ní mítà kọ̀ọ̀kan, kò sí ibi tó ti rẹlẹ̀ padà. Pákó tí wọ́n ń to agolo búrẹ́dì lé wà nítòsí rẹ̀. Mo ní kí kápẹ́ńtà sún un, kí 23 cm ó kéré tán wà láàrin pákó àti irin gbígbóná.

Ìbòrí èéfín tó wà lẹ́yìn ófùn, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ẹnìkan ti fi páànù dí i kí mo tó dé, pé kí "ooru má jáde". Mo yọ páànù náà. Ìṣísílẹ̀ yẹn wà fún iṣẹ́: ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ yàrá ń gbà wọ páìpù kí ìfàmọ́ra ṣímínì má bàa dé ọ̀dọ̀ bọ́nà, ibẹ̀ náà sì ni afẹ́fẹ́ tó bá já lulẹ̀ láti òkè ń gbà yà kí ó má pa iná.

Àpáta

Ìlànà tí mo ń tẹ̀lé ni pé kí ẹnu páìpù fi 90 cm ga ju ibi tó ti yọ lára páànù lọ, kó sì fi 60 cm ga ju ohunkóhun tó wà láàrin mítà 3 sí i lọ. Ilé ni àwọn tó kọ ìlànà yẹn ní lọ́kàn. Nílùú wa, àpáta ni. Àpáta fi 90 cm ga ju bíríkì, mo fi 60 cm kún un, páìpù wá yọ mítà 1.5 lókè bíríkì, gbogbo gíga rẹ̀ sì jẹ́ mítà 6, tó jẹ́ ohun tí mo fi ṣe ìṣirò. Wáyà mẹ́ta ló dè é mọ́lẹ̀. Àwo sítéǹlẹ́ẹ̀sì ló bo ẹnu bíríkì yíká páìpù kí òjò má wọlé, mo sì fi àkẹtẹ̀ lé orí páìpù pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì tí ojú rẹ̀ tóbi díẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kò dára níbẹ̀, eruku ọyẹ́ á dí i.

Ófùn fúnra rẹ̀

Ṣímínì tó dára kò lè tún iná tí kò dára ṣe. Àwo ẹ̀yìn ófùn kọ G20, 20 mbar: irú gáàsì tí wọ́n ṣe é fún, àti agbára tí gáàsì náà fi ń wọlé. Gáàsì inú páìpù ìlú òyìnbó ni wọ́n ń pè ní G20; gáàsì inú sílíńdà wa jẹ́ bútéènì àti própéènì, G30 àti G31 lára irú àwo bẹ́ẹ̀. Ihò nóṣù G20, ẹnu kékeré tí gáàsì ń gbà dé bọ́nà, tóbi jù fún un. Bí a bá fi gáàsì sílíńdà sí i bẹ́ẹ̀, gáàsì á pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, iná á pọ́n, á gùn, á máa ṣe dúdú, kábọ̀n-mọnọ́sáìdì á sì pọ̀. Mo tan bọ́nà kan fún ìṣẹ́jú díẹ̀ pẹ̀lú ilẹ̀kùn ní ṣíṣí sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra tòkunbọ̀, ẹ wo ẹ̀yìn ófùn àti inú àpótí bọ́nà dáadáa. A bá nóṣù gáàsì sílíńdà nínú ọ̀rá kékeré kan tí wọ́n fi tépù lẹ̀ mọ́ inú. A pààrọ̀ gbogbo wọn, a fi rẹgulétọ̀ tó bá a mu, a sì yí ìdérí afẹ́fẹ́ bọ́nà títí iná fi di búlúù tó dúró ṣinṣin. Wáyà tó ń pa gáàsì bí iná bá kú ti bàjẹ́ lórí ìpele kejì. Mo ra òmíràn. Wọ́n ti ń fi ìṣáná tan ìpele náà tí wọ́n á sì di bọ́tìnnì rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú wáyà. Mo gé wáyà yẹn níṣojú gbogbo wọn, mo sì sọ ìdí rẹ̀.

Sílíńdà ńlá méjì la so pọ̀, wọ́n wà níta nínú àgò irin. Gáàsì yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bó bá jò nínú ilé, ilẹ̀ ló máa ń tẹ́ sí. A fi omi ọṣẹ kan gbogbo ìsopọ̀, kò sí èyí tó hó.

Afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, àti fáànù

Iná tó ń rán èéfín jáde gbọ́dọ̀ rí afẹ́fẹ́ tuntun gbà. Fún 40 kW, ìwọ̀n tí mo lò ni nǹkan bí 220 cm² fún ojú kan lókè àti 220 cm² fún ojú kan nísàlẹ̀, tí méjèèjì ṣí sí ìta gan-an. Búlọ́ọ̀kù olójú la fi ṣe é, mo sì jẹ́ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, torí nẹ́ẹ̀tì eṣinṣin ń gba lára àyè náà. Ojú ìsàlẹ̀ tún wúlò bí gáàsì bá jò.

Lẹ́yìn èyí ni ìdánwò. Ẹni tó bá so ófùn mọ́ ṣímínì láìṣe ìdánwò yìí kò tíì parí iṣẹ́. A ti gbogbo ilẹ̀kùn àti fèrèsé, a tan gbogbo fáànù, a tan gbogbo bọ́nà, a sì dúró fún ìṣẹ́jú 5. Mo tan igi tùràrí, mo gbé e sí etí ìbòrí èéfín. Ó yẹ kí èéfín tùràrí wọ inú rẹ̀. Èéfín náà kọ́kọ́ gbọ̀n, ó wá kọjú síta, ó ń fẹ́ sí mi lójú. Mítà ọwọ́ tó ń ka kábọ̀n-mọnọ́sáìdì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ó dé 38 nínú mílíọ̀nù kan kí n tó ní kí wọ́n pa iná. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà pé kí ìwọ̀n tí èèyàn ń mí fún wákàtí 8 má ju nǹkan bí 9 lọ. Kò sẹ́ni tí ojú rẹ̀ ta. Kò sẹ́ni tó gbọ́ òórùn kankan. Àwọn ọmọ dúró yí mi ká, wọ́n ń wo nọ́ńbà yẹn, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n lára ju gbogbo àlàyé mi lọ.

Páìpù kò ní ẹ̀bi. Fáànù ńlá kan wà lára ògiri, wọ́n fi sí i láyé iná igi kó máa lé èéfín jáde. Ó lágbára ju ṣímínì lọ fíìfíì. Bí ó ṣe ń fa afẹ́fẹ́ yàrá síta ni afẹ́fẹ́ ń wá ọ̀nà wọlé dípò rẹ̀, ọ̀nà tó sì rọrùn jù fún un ni kó gba orí páìpù sọ̀kalẹ̀, kó sì ti èéfín gáàsì padà sínú yàrá. A pa fáànù, a tún un ṣe: èéfín tùràrí wọ ìbòrí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nítorí náà a yọ fáànù náà, a gbé e lọ sí ògiri tó jìnnà sí ófùn jù, a sì kọ ojú rẹ̀ sínú, kó máa ti afẹ́fẹ́ tútù wọlé síhà tábìlì tí wọ́n ń gé ìyẹ̀fun. Àwọn òṣìṣẹ́ fẹ́ràn rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. A tún ìdánwò ṣe pẹ̀lú ohun gbogbo ní títì, fáànù ń yí, àti ní ìdájí nígbà tí ṣímínì ti tutù mọ́jú. Èéfín tùràrí wọlé. Mítà wà ní òdo.

Alámù, àti ohun tó kù

Alámù kábọ̀n-mọnọ́sáìdì méjì la fi síbẹ̀, ọ̀kan ní yàrá ófùn, ọ̀kan ní yàrá tí wọ́n ń sùn, ní ìwọ̀n ibi tí imú ẹni tó dùbúlẹ̀ wà. EN 50291, ìlànà Yúróòpù fún irú alámù yìí, ni wọ́n kọ sí ara wọn. Ẹ mọ bí irú rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́: bí ìwọ̀n bá wà ní 50, ó lè tó wákàtí kan sí wákàtí kan ààbọ̀ kó tó ké, bó bá wà ní 100, ìṣẹ́jú 10 sí 40, bó bá dé 300, kí ìṣẹ́jú 3 tó pé. Èyí túmọ̀ sí pé 38 tí a rí lọ́jọ́ ìdánwò yẹn lè má mú un ké rárá. Alámù kò lè rọ́pò igi tùràrí àti ojú tó ń ṣọ́nà. Mo kọ́ ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ bí yóò ṣe máa fi tùràrí dán ìbòrí wò kí yíyan búrẹ́dì tó bẹ̀rẹ̀, àti pé bí alámù bá ké, kí wọ́n pa gáàsì, kí gbogbo èèyàn jáde kí wọ́n tó bi ara wọn léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ tí alámù kọ̀ọ̀kan máa parí iṣẹ́ ni mo fi bírò tó nípọn kọ sí iwájú rẹ̀.

Mo ti padà lọ ṣí ìdérí tíì náà. Omi díẹ̀ wà nínú ike, ti ìgbà tí ófùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná, inú páìpù sì mọ́. Nígbà ọyẹ́ ni mo máa tún gun òkè lọ wo nẹ́ẹ̀tì.

Ìyá ti ń sọ̀rọ̀ ófùn kejì. Páìpù 15 cm yìí kò lè gba èéfín ófùn 40 kW méjì, kí ẹnikẹ́ni má so ó mọ́ ọn. Ihò bíríkì náà fẹ̀ tó láti gba páìpù tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkíní, mo sì ti gé ojú rẹ̀ sílẹ̀ lára àwo òkè, mo fi ìdérí onískúrù bò ó títí ófùn náà á fi dé.